Morris Minor bàbá wa n'Ílésà: ṣé irú ẹ̀ ṣì kù níbì kan, àbí ká jẹ́ kí onírin máa gbé e lọ?

Ọmọ_Ìsọ̀kùn

Ẹ kú ilé o gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá, ó lè gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Bàbá tó bí bàbá mi, Òṣómàáló ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń kó lọ tà láwìn káàkiri Èkìtì, nígbà tí ọwọ́ wọn wá tẹ owó dáadáa wọ́n ra Morris Minor kan. Mọ́tò yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé wa títí di àárọ̀ yìí tí mò ń tẹ èyí. Inú ẹ̀ la dàgbà sí, àwa la máa ń jókòó sídìí sitíárìn tí a ń fẹnu ṣe bíi ẹ́ńjìnnì, adìẹ ń yé sí ìjókòó ẹ̀yìn, tí ìyá àgbà bá fẹ́ dín ẹyin wọ́n á ní ẹ lọ wo inú mọ́tò bàbá yín wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá làwọn onírin dé, àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri yẹn, ọ̀kan nínú wọn yí mọ́tò náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹsẹ̀ gbá táyà tí afẹ́fẹ́ ti kúrò nínú ẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, ó ní òun máa san ₦150,000, òun á sì wá gé e lọ lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ti fẹ́ gbà o. Àfi bí bùrọ̀dá wọn tó wà l'Ékòó ṣe gbọ́, wọ́n pe fóònù, wọ́n ní ẹni tó bá ta mọ́tò bàbá àwọn, àwọn àti ẹ̀ yóò jọ dé ààfin Ọwá ni. Ni àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin náà bá dá sí i, ilé wá pín sí méjì lórí irin tí kò kúrò lójú kan fún ohun tó lé lógójì ọdún.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé lóòótọ́ ni pé irú ẹ̀ ti tán? Ẹnì kan ládùúgbò wa ní kò sí ẹyọ kan mọ́ ní gbogbo Ọ̀ṣun, ẹlòmíì ní ní London wọ́n pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, ta ni ká gbà gbọ́? Ọdún wo sì ni wọ́n ṣe é, torí pépà ẹ̀ ti bá eku lọ. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, sitíárìn ẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, gíláàsì iwájú ẹyọ kan ni, kò sí irin tó là á láàárín. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lọ́tùn-ún lósì, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí nǹkan pẹlẹbẹ bí ahọ́n wà nínú ẹ̀, agbọ́n ti kọ́lé sí ti apá ọ̀tún. Àwọ̀ ẹ̀, mi ò lè sọ, kò jọ àwọ̀ kankan mọ́. Abẹ́ ilẹ̀kùn ti dípẹtà débi pé bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ni ìka mi wọlé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o.

Bàbá_Lágere

Ọmọ mi, o ṣeun tó o kọ́kọ́ béèrè. Má tíì jẹ́ kí onírin yẹn padà wá.

Ohun tó o kà sílẹ̀ yẹn nìkan ti tó láti mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ní 1948 ni Morris Minor kọ́kọ́ jáde, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ mọ́tò ní Earls Court ní London, àwọn tìgbà yẹn gíláàsì méjì ló wà níwájú wọn, irin wà láàárín. Ọdún 1956 ni wọ́n sọ gíláàsì di ẹyọ kan tí wọ́n wá ń pè é ní Minor 1000, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ di 948cc. Ahọ́n tó o rí yẹn, trafficator lorúkọ ẹ̀, íńdíkétọ̀ ayé ìgbà yẹn nìyẹn, tí awakọ̀ bá fẹ́ yà ó máa yọ síta gbọnrangandan, iná kékeré á tàn nínú ẹ̀, nílé tiwa "apá" la máa ń pè é. Ní 1961 ni wọ́n yọ apá kúrò tí wọ́n fi iná tó ń ṣẹ́jú sí i. Ṣé o rí i báyìí? Ó ní gíláàsì ẹyọ kan, ó tún ní apá, a jẹ́ pé àárín 1956 sí 1961 ni. Tó o bá fẹ́ kó dá ẹ lójú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wo ara irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀, pátákó irin kékeré kan wà níbẹ̀. Tí nọ́ńbà ẹ̀ bá fi MA2S3 bẹ̀rẹ̀, M ni Morris, 2S ni sálúùnù onílẹ̀kùn méjì, 3 yẹn ni ìran tó ń lo 948.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pé ó ti tán. Ó tán lọ́dọ̀ wa ni, kò tán lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é. Nígbà tí mo wà ní kékeré n'Ífẹ̀ níbí, mọ́tò tíṣà ni, mọ́tò nọ́ọ̀sì àgbà, mọ́tò ẹni tí kòkó ẹ̀ ṣe dáadáa lọ́dún yẹn. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìpẹtà ló jẹ wọ́n tán. Ìpẹtà jẹ nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ mo mọ ohun tó pa wọ́n, 2 April 1972 ló pa wọ́n. Ọjọ́ Àìkú ni, Ọjọ́ Àjíǹde gan-an. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì tí a bọ́ sápá ọ̀tún, gbogbo mọ́tò tí sitíárìn ẹ̀ wà lọ́tùn-ún bá di àlejò lójú ọ̀nà láàárín òru kan.

Bàbá mi tíṣà ni, wọ́n ní Morris tiwọn, onílẹ̀kùn mẹ́rin, aláwọ̀ eérú. Tí a bá ń lọ sí Ìbàdàn lẹ́yìn tí wọ́n yí ọ̀nà padà yẹn, wọn ò rí iwájú tí wọ́n bá fẹ́ ya lọ́rì sílẹ̀, torí apá tó kọjú sí igbó ni wọ́n jókòó sí. Èmi ni wọ́n wá fi sápá òsì. Iṣẹ́ mi ni kí n yọrí síta kí n wò ó. Bàbá á ní "Ó mọ́?" èmi á ní "Ó mọ́, sà." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án o! Lọ́jọ́ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ìkirè ni, mo ti sùn lọ, wọ́n ní ó mọ́, mo dáhùn látojú oorun pé ó mọ́ sà. Lọ́rì tó kó pákó ni mo lajú bá níwájú wa. Bàbá mi fi mọ́tò wọgbó, ewéko gba ojú fèrèsé wọlé, kò sẹ́ni tó fara pa. Wọn ò nà mí. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, pé wọn ò nà mí, wọ́n kàn ń wo iwájú, wọn ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ìbàdàn. Kí ọdún yẹn tó parí wọ́n ti tà á, mi ò mọ ẹni tó rà á, mi ò sì rí i mọ́.

Nígbà tó wá di 1975 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volks ìjàpá l'Ékòó, tí Kàdúná náà ń to Peugeot, ta ló tún máa wá spíà Morris kiri? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ.

Mojí_Ọmọ_Ọwá

Ẹ kú àlàyé bàbá. Ìlú Òyìnbó ni mo wà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ẹni tó sọ pé wọ́n pọ̀ ní London yẹn ò purọ́, ó kàn bù mọ́ ọn ni. Wọn kì í ṣe mọ́tò tí èèyàn ń rí lójoojúmọ́ mọ́, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti ń ràn báyìí ẹ ò lè ṣe kẹ́ ẹ má rí ọ̀kan tàbí méjì lọ́sẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta (1,600,000), òun ni mọ́tò àkọ́kọ́ ní Britain tó pé mílíọ̀nù kan, nígbà yẹn wọ́n ṣe nǹkan bíi 350 tó jẹ́ àwọ̀ elésè àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́ láti fi ṣàjọyọ̀ ẹ̀. Irú ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ọ̀wọ́n níbí, àti àwọn àkọ́kọ́ tí iná iwájú wọn wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Ti bàbá yín, sálúùnù 948, kí n má parọ́ fún un yín, mẹ̀kúnnù inú wọn ni lọ́dọ̀ọ́ wa níbí.

Ohun tó jẹ́ kó kù níbí ni spíà. Ẹgbẹ́ àwọn tó ni ín wà láti 1976, Morris Minor Owners Club, gbogbo nǹkan ara ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe ní tuntun, látorí rọ́bà ojú fèrèsé dórí irin abẹ́ ilẹ̀kùn tí ìka yín wọ̀ yẹn. Aládùúgbò mi kan ní Traveller, ìyẹn èyí tó ní pákó lẹ́yìn, pákó gidi o, igi ash, olú hù lára ẹ̀ lọ́dún kan lójú mi báyìí, bàbá yẹn jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti fáníṣì ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ.

Ẹ tún wo Sri Lanka. Àwọn náà wà lábẹ́ Òyìnbó bíi tiwa, Morris Minor ṣì ń rìn lọ́dọ̀ wọn dòní. Wọn ò yí ọ̀nà tiwọn padà, apá òsì ni wọ́n ṣì ń gbà. Ghana yí tiwọn ní 1974 lẹ́yìn tiwa. Nítorí náà ọ̀rọ̀ Bàbá Lágere wọ̀ mí létí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí kí n tó lọ. Ẹni tó ya mọ́tò yìí, Alec Issigonis, òun náà ló wá ya Mini. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ó wò ó pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ó ní kí wọ́n fi ayùn là á sí méjì láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n ń sún un síwá sẹ́yìn títí ojú ẹ̀ fi gbà á, ínǹṣì mẹ́rin ló fi fẹ̀ sí i. Ẹ lọ wo àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì tiyín, ẹ máa rí ibì kan tó ga pẹlẹbẹ tó gùn látòkè délẹ̀, ínǹṣì mẹ́rin ọ̀hún nìyẹn. Lord Nuffield tó ni ilé iṣẹ́ náà ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá, ó ní ó jọ ẹyin tí wọ́n fọ́ sínú omi gbígbóná. Mo rántí nígbà tí mo kà pé adìẹ yín ń yé sínú ẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí.

Tanímọ̀la77

Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Óyìnbó àti ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń rántí èwe yín, ẹ ò ní san owó wẹ́dà. Ọmọ yìí sọ pé ìka wọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ mọ iye tí wọ́n máa gbà láti jó gbogbo abẹ́ mọ́tò ní báyìí? Spíà tẹ́ ẹ máa rà ní pọ́n-ùn ńkọ́, àti owó tí wọ́n máa fi gbé e wá? Mọ́tò tí èèyàn ò ní lè gùn lọ sí Òṣogbo láìfi ọmọ ọlọ́mọ sápá òsì kó máa yọjú! Ẹ tà á, ẹ fi owó ẹ̀ ra páànù sórí ilé bàbá.

Ẹ ṣáà má gba ₦150,000 yẹn. Mọ́tò yẹn lé ní kílò 750 nígbà tó pé, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ra kílò irin lọ́sẹ̀ yìí kẹ́ ẹ sì ṣírò ẹ̀, onírin yẹn fẹ́ fi ojú yín rí nǹkan ni.

Ẹlẹ́ńjìnnì_Ọ̀nà_Oǹdó

Tanímọ̀la òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ àmọ́ o ti yára jù, kò sẹ́ni tó sọ pé kó tún un ṣe lóṣù yìí, ohun téèyàn ń kọ́kọ́ ṣe ni kó má bàjẹ́ ju bó ṣe wà lọ. Mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó mọ mọ́tò ayé àtijọ́ dáadáa, Austin, Hillman, Zephyr, Morris yìí náà, mo gbé mẹ́ta nínú ẹ̀ rí kí gbogbo ẹ̀ tó di kòròfo.

Ọmọ Ìsọ̀kùn gbọ́ o. Mọ́tò yìí ò ní ṣàsí lọ́tọ̀ bíi ti lọ́rì, bọ́dì ẹ̀ náà ni ṣàsí ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìpẹtà abẹ́ ilẹ̀kùn kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán, tó bá ti jẹ débi tí wọ́n ń fi jáàkì sí àti ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ bọ́dì, mọ́tò á tẹ̀ láàárín bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi jáàkì gbé e níbẹ̀. Mú ìkọ irin tó mú, máa fi gún abẹ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ látiwájú lọ sẹ́yìn, ibi tó bá ti dún gbà-gbà ó ṣì le, ibi tó bá ti wọlé fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ya fọ́tò ẹ̀. Òde yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò, ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé e sókè lórí ilẹ̀ tó gbẹ, ẹ fi páànù bò ó, ẹ má fi tàpólì dì í pinpin, ooru á máa làágùn nínú ẹ̀ ìpẹtà á sì máa jẹun lọ ni.

Ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ ńkọ́. Ibẹ̀ ni àìsàn ẹ̀ wà. Trunnion ìsàlẹ̀ yẹn, bí ìdè bóòtì ló rí, òun lẹsẹ̀ ń yí lórí ẹ̀, gíríìsì ló ń jẹ lemọ́lemọ́, tí wọn ò bá fún un á jẹ ara ẹ̀ tán, lọ́jọ́ kan tí èèyàn bá ń yà sọ́nà kékeré kan ẹsẹ̀ á kàn ṣẹ́ sábẹ́ bíi ti ewúrẹ́ tó kúnlẹ̀. Mo rí i rí n'Ílésà yẹn, ní Ẹ̀rẹ̀jà, lọ́jọ́ ọjà, Morris oníyàwó tuntun, tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́, ó kúnlẹ̀ sáàárín rántábà pẹ̀lú ìyàwó nínú ẹ̀, àwọn alátẹ ní ó ń kí Ọwá ni.

Ẹ́ńjìnnì ò dẹ́rù bà mí rárá. A-series ni, ìdílé ẹ̀ náà ló wà nínú Mini, irin lásán ni kò sí kọ̀ǹpútà. Yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, da ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fọ́sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà fi irin tí wọ́n fi ń yí i níwájú yí i pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ má fipá yí i o. Tó bá yí, mọ́tò yẹn ò tíì kú.

Mojí_Ọmọ_Ọwá

Tanímọ̀la, ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ń jà fún kílò irin, inú mi dùn 😂. Páànù ilé àti mọ́tò, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ obìnrin ò ní gbà kí wọ́n ta ọ̀kan ra èkejì.

Ọmọ_Ìsọ̀kùn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Pátákó irin wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo fi kerosíìnì àti àkísà nù ún, nọ́ńbà yọ díẹ̀díẹ̀: M, A, 2, S, 3. Ariwo tí mo ké, ìyá mi ní ṣé ejò ni. Ibi pẹlẹbẹ àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì náà mo rí i, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n pàápàá. Mo lé agbọ́n, wọ́n ta mí lẹ́ẹ̀kan létí. Apá ọ̀tún yẹn, mo fi ìka fà á jáde, ike olómi ọsàn inú ẹ̀ ò tíì fọ́.

Nígbà tí mo wá gbé ìjókòó iwájú kí n lè gún abẹ́ ẹ̀ bí Ẹlẹ́ńjìnnì ṣe wí, ìwé kékeré kan bọ́ sílẹ̀. Ìwé àwìn bàbá àgbà ni. Eku ti jẹ etí ẹ̀ ṣùgbọ́n àárín ẹ̀ ṣì ṣeé kà, pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́, orúkọ ìlú lápá kan, orúkọ ẹni tó gbàwìn, iye owó ní pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀, ẹni tó ti san wọ́n fa ìlà sórí orúkọ ẹ̀. Ìyá kan l'Ẹ́fọ̀n Aláayè ṣì jẹ ṣílè méjìlá àti sísì, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé "ọkọ ẹ̀ ṣàìsàn, kí n fi sílẹ̀." Gbogbo ìtàn tí a ti ń gbọ́ nípa Òṣómàáló, pé wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà èèyàn títí á fi sanwó, mi ò ronú ẹ̀ rí pé bàbá wa fi ẹnì kan sílẹ̀. Mo ya fọ́tò ẹ̀ sí bùrọ̀dá l'Ékòó. Wọn ò mẹ́nu ba ààfin mọ́, wọ́n kàn ní kí n ránṣẹ́ àkáǹtì, àwọn á san owó páànù tí a máa fi bò ó. Bàbá mi náà ti sọ fún onírin pé kó má wulẹ̀ yà.

Ó ku ìbéèrè kan. Rewáyà kan ládùúgbò fẹ́ gbé bátìrì wá lónìí kó wò ó bóyá nǹkan kan ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀. Ṣé kó gbé e wá?

Ẹlẹ́ńjìnnì_Ọ̀nà_Oǹdó

Dúró! Tó bá so ó bó ṣe ń so ti Corolla ó ti gbé e sódì nìyẹn. Bátìrì 12 ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn Morris ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ pọsitíìfù ni wọ́n so mọ́ bọ́dì, nẹ́gẹ́tíìfù ló ń lọ sínú iṣẹ́. Má sì gbà á láàyè kó gba wáyà inú mọ́tò, eku tó jẹ pépà jẹ wáyà náà, iná lè sọ. Kí ó mú wáyà tuntun méjì lọ tààrà sára pọ́ǹpù epo, ó wà níbi tó o ti rí pátákó yẹn náà, ó dà bí agolo kékeré. Kò gbọdọ̀ sí pẹtiróòlù nítòsí o. Tó o bá gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́, pọ́ǹpù ò tíì kú. Tí kò bá dún, fi ìdí sípánà gbá a jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ojú iná inú ẹ̀ ló máa ń lẹ̀ pọ̀.

Ọmọ_Ìsọ̀kùn

A so ó bẹ́ẹ̀, kò dún. Mo fi ìdí sípánà gbá a.

Ó dún o! Kọ́, kọ́, kọ́, ó tún dákẹ́. Adìẹ tó wà lẹ́yìn ti fò gba ojú fèrèsé jáde.